Àwọ̀ Ìyẹ́ Kì í Ṣe Ẹ̀rí Ìran

Níbi tí àwọn ẹlẹ́dìyẹ bá ti kóra jọ, yálà lọ́jà ni tàbí ní ẹ̀yìnkùlé ẹni tó ń sìn, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í jiyàn sí: adìyẹ tó bá jẹ́ ojúlówó ìran, ọmọ tó bá pa gbọ́dọ̀ jọ ọ́ láwọ̀. Bí òròmọdìyẹ dúdú kan bá jáde láàárín àwọn funfun, wọ́n á ní ìran ti dàrú, ẹni tó ta ìyá rẹ̀ ni wọ́n á sì máa pè ní oníjìbìtì. Bí gbogbo ọ̀wọ́ bá pupa fòò láìsí ọ̀kan tó yàtọ̀, wọ́n á ní ojúlówó rèé.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ ìyẹ́ ń sọ nípa iṣẹ́ jíìnì bíi mélòó kan péré, ìran adìyẹ sì ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ẹni tó bá ń fi àwọ̀ nìkan yan èyí tó máa sìn yóò pa èyí tó dáa, yóò sì máa bọ́ èyí tí kò lè bí irú ara rẹ̀.

Adìyẹ kan wà tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó lè pè é ní àdàlù. Andalusian ni orúkọ rẹ̀, agbègbè Andalusia ní gúúsù Sípéènì ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ìyẹ́ rẹ̀ dà bí aṣọ aró tó ti ṣá, etí ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ṣókùnkùn. Láti 1874 ni àwọn olùsìn adìyẹ ní Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà wọn gẹ́gẹ́ bí ìran tó dá dúró. Síbẹ̀, kò sí olùsìn kan láyé tó lè fi àkùkọ aláwọ̀ aró gun abo aláwọ̀ aró kí gbogbo ọmọ wọn sì jẹ́ aláwọ̀ aró. Nínú ọgọ́rùn-ún òròmọdìyẹ wọn, nǹkan bí 25 ló máa dúdú, nǹkan bí 50 ló máa ní àwọ̀ aró, nǹkan bí 25 yòókù á sì funfun pẹ̀lú àbàwọ́n káàkiri ara.

Ó pẹ́ tí àwọn olùsìn ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń yọ dúdú àti alábàwọ́n yìí dànù, tí wọ́n ń fi aláwọ̀ aró nìkan sìn, pẹ̀lú ìrètí pé ìran náà á mọ́ tó bá yá. Kò mọ́. Ìran dé ìran, ìdajì aró, ìdajì ìyókù dúdú àti alábàwọ́n.

William Bateson àti Reginald Punnett ní Cambridge ló wá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Gregor Mendel ti tẹ òfin àjogúnbá jáde lórí irúgbìn ní 1866, ayé sì gbàgbé rẹ̀ títí di 1900. Ní 1902, Bateson fi ogbe orí adìyẹ hàn pé òfin kan náà ń ṣiṣẹ́ lára ẹranko. Lábẹ́ òfin yìí, adìyẹ kọ̀ọ̀kan ń gba ẹ̀dà jíìnì méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Lára Andalusian, ẹ̀dà kan wà tó ń mú kí dúdú ṣá. Adìyẹ tí kò ní i rárá á dúdú. Èyí tó ní ẹyọ kan á mú àwọ̀ aró. Èyí tó ní méjèèjì á funfun pẹ̀lú àbàwọ́n. Aláwọ̀ aró kọ̀ọ̀kan wá ru ẹ̀dà tó yàtọ̀ síra méjì, kò sì mọ èyí tó máa fún ọmọ nínú wọn. Kò sí bí olùsìn ṣe lè yàn án tó tí èyí á fi yí padà.

Ohun tó yẹ kó dun àwọn olùsìn ìgbà náà jù ni pé bí wọ́n bá mú dúdú tí wọ́n fẹ́ pa, tí wọ́n gbé e sọ́dọ̀ alábàwọ́n tí wọ́n fẹ́ pa, gbogbo ọmọ wọn, láìku ẹyọ kan, ló máa jẹ́ aláwọ̀ aró.

Adìyẹ funfun ń tan èèyàn jẹ ju ti Andalusian lọ. White Leghorn funfun báláú, ẹni tó bá rí i á rò pé kò ní àwọ̀ kankan lára. Ó ní in. Jíìnì kan ló ń dènà dúdú kó má hàn nínú ìyẹ́, ẹyọ ẹ̀dà kan ṣoṣo sì tó láti ṣe iṣẹ́ náà. Ní 2004, àwọn onímọ̀ ní Uppsala ní Sweden tẹ̀ jáde pé inú jíìnì PMEL17 ni ìyípadà yìí wà. Lábẹ́ funfun yẹn, ọ̀pọ̀ Leghorn ló ru dúdú, àwọn kan tún ru ilà. Funfun ti White Plymouth Rock kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Jíìnì mìíràn, TYR, ni tirẹ̀ ti wá, ẹ̀dà méjèèjì sì gbọ́dọ̀ pé kó tó hàn. Adìyẹ lè ru ẹyọ kan rẹ̀, kó fún ọmọ, kí ọmọ fún ọmọ-ọmọ, kí gbogbo wọn dúdú kirikiri, títí di ọjọ́ tí akọ kan àti abo kan tó rù ú bá pàdé. Òròmọdìyẹ funfun tó jáde lọ́jọ́ náà kì í ṣe ẹ̀rí pé àkùkọ aládùúgbò fo ọgbà. Àwọn ìyá-ńlá àti bàbá-ńlá rẹ̀ ló ni ín.

Charles Darwin náà rí irú èyí. Ó fi àkùkọ Spanish tó dúdú gun abo Silkie tó funfun, ó sì kọ àbájáde rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1868 lórí ẹranko àti ewéko tí èèyàn ń sìn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó jẹ́ akọ dúdú ní kékeré. Nígbà tó gbó, ó wọ àwọ̀ adìyẹ igbó ilẹ̀ Éṣíà, baba ńlá gbogbo adìyẹ ilé, pẹ̀lú pupa àti wúrà rẹ̀. Dúdú àti funfun ló bí i. Ẹni tó bá gbà pé àwọ̀ máa ń pò bí ọ̀dà, kí dúdú àti funfun di eérú, kò ní rí àlàyé kankan fún àkùkọ yẹn.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti ń ná àwọn èèyàn wa lówó jù ni ọ̀rọ̀ adìyẹ ẹlẹ́yin pupa, èyí tí wọ́n ń pè ní àgíríìkì. ISA Brown wà lára wọn. Wọ́n dọ́gba láwọ̀, wọ́n dọ́gba ní ìdúró, ẹyin wọn dọ́gba. Ẹni tó bá rí ọ̀wọ́ wọn á búra pé ìran wọn mọ́. Àdàlù ni wọ́n, àdàlù tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Àkùkọ tó ru jíìnì wúrà, irú ti Rhode Island Red, ni wọ́n ń fi gun abo tó ru jíìnì fàdákà. Lára ẹyẹ, akọ ní kromosómù Z méjì, abo ní Z kan àti W kan, orí Z sì ni wúrà àti fàdákà yìí wà. Ìyá kì í fún ọmọ abo ní Z rẹ̀, ọmọ akọ nìkan ló ń fún. Nítorí náà, ọmọ akọ gba fàdákà ìyá, ó sì funfun. Ọmọ abo gba wúrà bàbá nìkan, ó sì pupa. Lọ́jọ́ tí wọ́n pa gan-an ni òṣìṣẹ́ ti ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Punnett kan náà yẹn ló gba àwọn olùsìn níyànjú nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní pé kí wọ́n máa fi àwọ̀ mọ akọ, kí wọ́n má baà fi oúnjẹ ṣòfò lórí òròmọdìyẹ tí kò ní yé ẹyin.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Harco dúdú, àdàlù ẹlẹ́yin mìíràn. Ìyá onílà, irú ti Barred Plymouth Rock, fún ọmọ akọ ní ilà rẹ̀. Ọmọ abo kò rí i gbà. Ìdí nìyẹn tí kọ́kúrẹ́ẹ̀lì onílà dúdú-àti-funfun tí wọ́n ń sìn fún ọdún Kérésì fi lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú adìyẹ ẹlẹ́yin dúdú. Ẹni tí kò mọ èyí á sọ pé ìran méjì ni.

Ojúlówó Andalusian ń pa ọmọ oríṣi mẹ́ta, àdàlù pupa sì dọ́gba bí ẹni pé ojú kan náà ni wọ́n ti gé wọn. Ìdíwọ̀n tó bá sọ pé èkejì ló mọ́ kì í ṣe ìdíwọ̀n. Síbẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ ẹlẹ́dìyẹ fi ń ra adìyẹ ìbísí: wọ́n á kó àgíríìkì pupa jọ, wọ́n á fi àkùkọ sí i, wọ́n á máa retí irú ìyá. Bí àkùkọ náà bá jẹ́ arákùnrin wọn funfun, nǹkan bí ìdajì ọmọ á pupa, ìdajì á funfun, akọ àti abo bákan náà, àwọ̀ kò sì ní fi akọ hàn mọ́. Ìwọ̀n á yàtọ̀ síra, iye ẹyin á yàtọ̀ síra. Owó oúnjẹ ti wọlé sí i kí wọ́n tó mọ̀.

Wọ́n tún máa ń sọ pé abo tí àkùkọ àìmọ̀ bá ti gùn lẹ́ẹ̀kan ti bàjẹ́ títí ayé. Irọ́ pátápátá ni. Àtọ̀ lè wà láàyè nínú ara abo fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Bí wọ́n bá yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kò sí ohun tí àkùkọ àkọ́kọ́ fi sílẹ̀ mọ́.

Adìyẹ ìbílẹ̀ wa ló ń jìyà ìgbàgbọ́ yìí jù, ó sì yẹ kó ká ẹlẹ́dìyẹ lára. Nítorí pé onírúurú àwọ̀ ni wọ́n, àwọn kan kà wọ́n sí adìyẹ tí kò níran. Abọ́lọ́rùn, tí ọrùn rẹ̀ kò níyẹ̀ẹ́, àti aṣa, tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sókè, ni wọ́n sì ń rò pé àrùn ló mú. Jíìnì kan ṣoṣo ló ń fá ọrùn abọ́lọ́rùn. Èyí tó bá ru ẹ̀dà méjèèjì lè ní ìyẹ́ tó dín ní nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ooru sì ń tètè jáde lára rẹ̀, èyí tó jẹ́ èrè ní ilẹ̀ olóoru. Aṣa ń tẹ̀lé ìlànà kan náà pẹ̀lú Andalusian: bí wọ́n bá fi aṣa gun aṣa, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ọmọ ni ìyẹ́ rẹ̀ á máa kán tí ara á fi ṣí sílẹ̀, nǹkan bí ìdá kan á sì ní ìyẹ́ tó tẹ́ bíi ti adìyẹ yòókù. Ẹni tó fẹ́ aṣa tó lera á fi aṣa gun oníyẹ̀ẹ́ títẹ́. Ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, wọn ò fi onírúurú àwọ̀ yìí ṣe àbùkù: FUNAAB Alpha, tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2018, wá láti ìpìlẹ̀ adìyẹ ìbílẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò sì dọ́gba.

Kí ni ẹ̀rí ìran, nígbà náà? Àkọsílẹ̀ ni: ta ni bàbá, ta ni ìyá, irú ọmọ wo ni wọ́n ti pa sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni ogbe, àwọ̀ ẹsẹ̀, ìdúró ara, ìwọ̀n àti ẹyin, láti ìran kan sí èkejì. Ẹni tó ń ta adìyẹ ìbísí yẹ kó lè mú ìwé jáde, kò yẹ kó kàn nàka sí ìyẹ́.

Bí ìfura bá sì wà, ọ̀nà àyẹ̀wò kan wà tí kò ná owó púpọ̀. Bí wọ́n bá ń fura pé àkùkọ dúdú kan ru funfun tó ń fara pamọ́, kí wọ́n fi gun abo tó ní irú funfun náà. Bí ó bá rù ú, òròmọdìyẹ kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní ìdajì sí ìdajì láti funfun. Bí méje bá jáde léraléra tí kò sí funfun kankan nínú wọn, àǹfààní pé ó rù ú kó sì ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ju ẹyọ kan nínú 128 lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹyin fi ń pa, àgbébọ̀ kan ṣoṣo sì lè sàba lé ju méje lọ.