Owó Oṣù Kì í Ṣe Ẹ̀bùn Olóṣèlú

 

Oúnjẹ ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni mo ti ní lọ́kàn pé a ó sọ̀rọ̀ lé lórí ní oṣù yìí, ṣùgbọ́n ohun kan mú mi yí ọ̀rọ̀ padà. Mo lọ sí Èpìnmì Àkókó láti bá àwọn ẹbí wa kan ṣe ìsọmọlórúkọ. Ní àṣálẹ́, nígbà tí àlejò ti túká, tí a jókòó ní ẹ̀yìnkùlé tí a ń fọ àwo, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé náà sún mọ́ mi. Ọmọdé ni, ó ti bí ọmọ kan, oyún kejì sì wà nínú rẹ̀. Gàrí ni ó ń tà, a sì máa kó o lọ sí ọjà Ìkàrẹ́. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní ibì kan tí n kò ní dárúkọ.

Ó ní ọkọ òun ti ibi iṣẹ́ dé ní alẹ́ ọjọ́ kan, kò fọhùn, iyán tí òun gún fún un sì tutù sínú àwo. Nígbà tí òun bẹ̀ ẹ́ títí ni ó tó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá wọn ti pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ó ní ìbò ń bọ̀, ó sì yẹ kí ẹni tí ìjọba ń bọ́ mọ ẹni tí ń bọ́ òun. Ó ní kí olúkúlùkù mú ẹ̀dà káàdì ìdìbò rẹ̀ àti ti aya rẹ̀ wá. Ní ọjọ́ ìpolongo, ọkọ̀ yóò wá kó wọn, wọn yóò dé fìlà ẹgbẹ́, a ó sì pe orúkọ wọn láti inú ìwé. Ẹni tí a bá pè tí kò dáhùn, kí ó má ṣe béèrè ìdí bí wọ́n bá gbé e lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú tí kò mọ̀.

Mo bi í pé, “Kí ni ìwọ wá sọ fún un?”

Ó ní, “Mo ní, ‘Bàbá ọmọ mi, ẹ lọ o. Ẹ mú káàdì tèmi náà dání. Ta ni yóò bọ́ wa bí wọ́n bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín?’ Ó kàn wò mí ni, kò sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà ni kì í ti í wo ojú mi dáadáa mọ́. Màmá, ṣé mo ṣe ohun tí kò dára ni?”

N kò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo ṣèlérí fún un pé n ó fi èsì mi sí ojú ìwé yìí, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà bá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Àwọn ìyá wa àgbà ní Àkókó yóò rántí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, nígbà tí Àkókó, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Oǹdó jọ ń gba àṣẹ láti Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ Action Group pín sí méjì ní 1962. Ní 1964, ẹgbẹ́ tuntun tí àwọn ènìyàn ń pè ní Dẹ́mọ̀ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá tí ó wà lórí ìjọba. Ní àwọn ọdún rògbòdìyàn yẹn, owó oṣù di ohun ìjà. Ọba Samuel Akínsànyà, Ọdẹ̀mọ ti Ìṣarà ní Rẹ́mọ, kò kúrò lẹ́yìn Action Group. Ni ìjọba bá gé owó rẹ̀ kù sí kọ́bọ̀ kan ṣoṣo lọ́dún. Bí a bá lè fi kọ́bọ̀ kan bá ọba aládé wí, kí ni òṣìṣẹ́ kékeré yóò sọ? Ẹ sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. Ìdìbò oṣù kẹwàá 1965 dá rúgúdù sílẹ̀, wọ́n ń sun ilé, wọ́n ń sun ènìyàn, títí àwọn ológun fi gba ìjọba ní oṣù kìíní 1966.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí àìríṣẹ́ṣe gbòde kan, ìjọba dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn aláìní lábẹ́ ètò tí a ń pè ní WPA. Ní 1938, akọ̀ròyìn kan, Thomas Stokes, lọ sí ìpínlẹ̀ Kentucky, ó sì tú àṣírí pé wọ́n ń lo ètò náà láti fa àwọn òṣìṣẹ́ sẹ́yìn Alben Barkley, ẹni tí ó fẹ́ padà sí ilé aṣòfin àgbà. Nígbà tí a wádìí síwájú sí i, a rí i pé ìhà kejì, ti Gómìnà Chandler, kò mọ́wọ́ dúró. Àwọn náà ń gba owó ìpolongo lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀. Èyí ni ó mú kí a ṣe Òfin Hatch, tí Ààrẹ Roosevelt fi ọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ 1939, tí ó sì ka á léèwọ̀ láti fi iṣẹ́ tàbí owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba halẹ̀ mọ́ ènìyàn nítorí ìbò. Ẹ kò rí i pé àìsàn yìí kò mọ ẹgbẹ́? Ẹni tí ń ké pé wọ́n ń fìyà jẹ òun lónìí lè di ẹni tí ń fìyà jẹni lọ́la bí ó bá dé orí àga.

Ní Nàìjíríà náà, òfin kò dákẹ́. Abala 40 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti bá ẹgbẹ́ tí ó wù ú ṣe. Ní 2003, nígbà tí àjọ elétò ìdìbò, INEC, fẹ́ ka òṣìṣẹ́ ìjọba léèwọ̀ láti wọ ẹgbẹ́ òṣèlú, Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ìlànà náà tako ìwé òfin. Ẹ ṣàkíyèsí pé ilẹ̀kùn yìí ṣí sí ìhà méjèèjì. Bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí i lọ́nà; bí kò bá sì fẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tì í wọlé. Nígbà tí a ṣe Òfin Ìdìbò ní 2022, ó tún là á mọ́lẹ̀ ní abala 95 rẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ fi ohun ìní ìjọba ran ẹgbẹ́ kan lọ́wọ́. Abala 128 òfin 2022 yẹn sọ nígbà náà pé ẹni tí ó bá halẹ̀ àdánù mọ́ ènìyàn kí ó lè dìbò tàbí kí ó má baà dìbò yóò san ₦1,000,000 tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ: òfin wà nínú ìwé, ebi wà nínú ikùn. Òótọ́ ni. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ mọ ohun kan tí àwọn tí ń halẹ̀ kì í fẹ́ kí ẹ mọ̀. Nọ́ńbà orí káàdì ìdìbò lè sọ ẹni tí o jẹ́ àti ibi tí ìwọ yóò ti dìbò, ṣùgbọ́n kò lè sọ ẹni tí o dìbò fún. Ìwé tí o tẹ̀ka sí kò ní orúkọ rẹ lára. Ìwọ nìkan ni o wà pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tí o tẹ̀ ẹ́, o ká a, o sì sọ ọ́ sínú àpótí. Wọ́n lè mọ iye ìbò tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ní ibùdó yín, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè mú tìrẹ jáde láàárín wọn. Nígbà tí àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí fi fóònù ya àwòrán ìbò wọn láti fi gba owó, INEC kéde ní 2018 pé kí ẹnikẹ́ni má mú fóònù wọ ibi ìtẹ̀ka mọ́.

Ìhàlẹ̀ yìí ní ìkejì, ìbejì ni wọ́n. Ẹni tí ó ní owó oṣù ni wọ́n ń halẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò ní ni wọ́n ń fún lówó. Ní ìdìbò gómìnà Èkìtì, ní oṣù keje 2018, gbólóhùn kan gba ìlú kan: “Dìbò kí o sebẹ̀.” Ẹ gbọ́, ẹ̀yin aláṣè ilé! Ìkòkò wa ni wọ́n fi ń pòwe. Ọbẹ̀ ọjọ́ kan kì í bọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́rin.

Kí ni kí a wá ṣe? Èkínní, má ṣe di ẹni tí yóò fi ẹ̀rù kún ẹ̀rù ọkọ rẹ. Bí ó bá dé tí kò fọhùn, gbé omi fún un, jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán. Ọkùnrin tí a ti dójú tì níbi iṣẹ́ kò gbọdọ̀ tún rí ìtìjú kejì nínú yàrá rẹ̀.

Èkejì, káàdì ìdìbò rẹ kì í ṣe ẹrù ọkọ rẹ, kì í sì í ṣe ti ọ̀gá rẹ̀. Fi í sínú àpótí rẹ. Nígbà tí a ṣe òfin 2022 náà, abala 22 rẹ̀ ti kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti tọ́jú káàdì ẹlòmíràn lọ́nà àìtọ́.

Ẹ̀kẹta, kí ọkọ rẹ má ṣe dá nìkan jà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí ó kọ ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ tí a sọ sílẹ̀, kí ó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì jọ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn. Ó rọrùn láti gbé ẹnì kan lọ sí ìlú tí kò mọ̀. Kò rọrùn láti gbé ogójì ènìyàn.

Ẹ̀kẹrin, èyí sì ni iṣẹ́ tiwa gan-an: kí ilé máa ní ohun tí yóò jẹ. Dá àjọ, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Jẹ́ kí èlùbọ́ àti gàrí wà nínú àgbá, kí ewédú àti ata wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ilé tí ó lè jẹun fún oṣù méjì láìsí owó oṣù, a kò lè fi ìhàlẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan ṣẹ́ ẹ.

Bí ó bá wá di dandan kí ó lọ jókòó sínú oòrùn ìpolongo, n kò ní pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Fìlà orí kò lè sọ ohun tí ó wà nínú orí. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ ní ọkàn rẹ̀ pé owó oṣù kì í ṣe ẹ̀bùn olóṣèlú. Òógùn ojú òun ni, láti inú àpò tí gbogbo ará ìlú jọ ń dá sí, títí kan ìyá alágbo tí ń san owó ọjà.

Kí a tó parí, ẹ jẹ́ kí a wo ara wa náà. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìwọ aránṣọ tí o ní ọmọ iṣẹ́, ṣé o kì í sọ fún wọn pé ẹni tí kò bá tẹ̀lé ọ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ rẹ kò ní gba òmìnira bọ̀rọ̀? Ọmọ tí ó rí i tí o ṣe é ni yóò di ọ̀gá lọ́la.

Ìwọ ọmọ mi ní Èpìnmì, ìdáhùn rẹ rèé. O kò ṣe ìkà. Ẹ̀rù ni ó bà ọ́ nítorí ọmọ, ẹ̀rù ọmọ sì wà lára gbogbo ìyá. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dun ọkọ rẹ ni pé nígbà tí ó ń wá ẹni tí yóò bá òun ronú, o ti bá ọ̀gá rẹ̀ dá ẹjọ́. Gún iyán mìíràn. Nígbà tí ó bá jẹun tán, sọ fún un pé: “Ẹ̀rù ni ó bà mí ní ọjọ́ yẹn. Bí ẹ bá kọ̀, mo wà lẹ́yìn yín. Bí ẹ bá sì lọ, n kò ní fi ojú ojo wò yín. Ṣùgbọ́n káàdì mi yóò wà nínú àpótí mi.” Mo rò pé yóò wo ojú rẹ.

Ó di oṣù tí ń bọ̀, tí a ó sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ ọmọ tí mo jẹ yín ní gbèsè. Ire o.