Ariwo Sàláńsà Kì í Ṣe Eré

Ta ló tilẹ̀ kọ́kọ́ tan àwọn ọmọ wa ní Omole jẹ pé bí mọ́tò bá ti ń pariwo ni ó ń sáré? Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi bi wọ́n, nítorí láti Ojódù títí dé Agidingbi, bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí ojú ọ̀nà dá, gbòòò! gbòòò! ni etí ń gbọ́. Ẹ wo ọkọ̀ ọ̀hún nígbà tó bá kọjá, Corolla tọ́kùnbọ̀ lásán ni, irú èyí tí ìyá ẹni fi ń lọ sọ́jà. Wọ́n ti gé sàláńsà rẹ̀, wọ́n ti gé sípíríìn rẹ̀ tí ìdí rẹ̀ fi ń wọ́ nílẹ̀ bí ìdí pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n lẹ bébà aláràbarà mọ́ ọn lára, wọ́n ní ó ti di ọkọ̀ eré.

Èmi ò sí lára àwọn àgbà tí ń sọ pé iṣẹ́ ọmọ tó ti bàjẹ́ ni eré mọ́tò. Rárá o. Ẹni tó bá mú ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń gùn, tó fi sùúrù tún un ṣe títí tó fi yá ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, iṣẹ́ ọpọlọ ló ṣe. Ní 1975, ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504 ní Kaduna, Peugeot 504 ló gba ipò kìíní nínú Safari Rally ní Kenya. Ẹ̀yà rẹ̀ mìíràn tún gbà á ní 1978. Ọkọ̀ tí àwọn bàbá wa fi ń ná Èkó sí Ìbàdàn mà ni! Ta ló gbọ́ pé ariwo ni wọ́n fi gbà á?

Àwọn tó ń ta irọ́ fún àwọn ọmọ yìí ni mo ń bá jà. Ọmọ á gbé ọkọ̀ dé ìsọ̀, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kó máa fò." Mẹkáníìkì á yọjú sábẹ́ ọkọ̀, á mi orí. "Àbúrò, kátálíìsì yìí ló ń fún un lọ́rùn. Jẹ́ ká yọ ọ́ dànù." Dànù kẹ̀? Platinum, palladium àti rhodium ló wà nínú nǹkan yẹn, rhodium sì ti wọ́n ju wúrà lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn tó ń rà á ń rìn kiri ìsọ̀ mẹkáníìkì. Ọmọ san owó iṣẹ́, mẹkáníìkì tún gbowó lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Wọ́n pa adìẹ rẹ, wọ́n tún ní kó o wá san owó ata! Kí ni ọmọ wá gbé lọ sílé? Iná ẹ́ńjìnnì tó tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tí kò kú mọ́, nítorí sẹ́ńsọ̀ tó wà lẹ́yìn kátálíìsì ti mọ̀ pé nǹkan ti yí padà, èéfín tí ń ta ni nímú, bí ẹni pé èyí tí jẹnẹrétọ̀ ń tú sí wa lára láti Ìkẹjà dé Agége kò tíì tó, àti ariwo. Agbára tó fi kún ọkọ̀ kò tó èyí tí awakọ̀ lè mọ̀ lára.

Fíltà olójú gbangba tí wọ́n ń kó sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì náà ńkọ́? Èyí tí ọkọ̀ bá wá láti ilé-iṣẹ́ ń fa afẹ́fẹ́ tútù láti ìta. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi èyí tí ń fa ooru ẹ́ńjìnnì sí i. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì kì í rí èyí tó pọ̀ tó fi jó epo. Owó ni wọ́n fi ra ìfàsẹ́yìn.

Corolla 1.8 ti 2003 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ní agbára ẹṣin 130 nígbà tó jẹ́ tuntun. Mélòó ló kù nínú ẹṣin yẹn lónìí, lẹ́yìn ogún ọdún àti ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ẹ wá èyí tó sọnù kí ẹ tó máa wá tuntun. Ẹ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gù, ẹ fọ ẹnu tí ń fọ́n epo, ẹ wò ó bóyá bíréékì ń di ẹsẹ̀ kan mú, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn agbára ìfúnpọ̀ ihò kọ̀ọ̀kan nínú ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn èyí, ẹ kó ẹrù kúrò. Ọkọ̀ yẹn wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Bí ẹ bá sọ táyà ìsẹ̀yìn, jáàkì, àga ẹ̀yìn àti bàbá agbóhùngbohùn tó wà ní búùtù kalẹ̀, ọ̀fẹ́ lẹ yára. (Ẹ dá táyà ìsẹ̀yìn padà o, kí ẹ tó gba ọ̀nà Ìbàdàn.) Ẹni tó bá sì ń lá àlá tọ́bò, kó rántí pé ẹ́ńjìnnì yẹn ti fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá kí tọ́bò tó dé rárá, epo tí a sì ń rà kò ṣeé fọkàn tán. Ṣé ẹ ti gbàgbé oṣù Kejì 2022, tí epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ̀lú?

Ọ̀rọ̀ táyà ló dùn mí jù. Oba Akran níbí ni Dunlop ti ń ṣe táyà, kó tó dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2008. Michelin ti palẹ̀ tirẹ̀ mọ́ ní Port Harcourt ṣáájú. Lónìí, ọmọ Ìkẹjà ń fi táyà tí òyìnbó ti lò tì sáré. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà yín, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 3514, ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà tó ti gbó bẹ́ẹ̀ kì í di ilẹ̀ mú, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dán tó. Owó tí ẹ fi gé sàláńsà, táyà tuntun méjì ni ẹ ò bá fi bẹ̀rẹ̀.

Bíréékì ńkọ́? Wọn kì í tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ tí bíréékì máa ṣe á di ìlọ́po mẹ́rin. Ní 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ọkọ̀ ń gba nǹkan bíi mítà 28 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kí ojú tó rí i, kí ọpọlọ tó rán ẹsẹ̀ níṣẹ́, mítà yẹn ti lọ.

Ní Ogunnusi ńkọ́? Ìyá alákàrà wà níbẹ̀, ọlọ́kadà wà níbẹ̀, àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ wà níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2021, ọkọ̀ ńlá kan ya wọ àárín àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń lọ sílé ní Grammar School, ó sì pa nínú wọn. Ojú ọ̀nà yẹn kan náà ni àwọn kan fẹ́ sọ di pápá eré lóru. Mo ti gbọ́ àwíjàre wọn: wọ́n ní ọ̀nà máa ń dá. Ọ̀nà kì í dá l'Ékòó! Ẹni tí ẹ ò rí ló wà níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ̀bi kò dùbúlẹ̀ sórí ọmọdé nìkan. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ California ń sáré lójú títì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wally Parks dá ẹgbẹ́ NHRA sílẹ̀ ní 1951, kí eré lè ní òfin, kí ó sì kúrò lójú títì. Mítà 402 péré ni eré náà, ọ̀nà gbọọrọ kan tí kò ní kọ́ọ̀nà. L'Ékòó níbí náà, nígbà tí ẹṣin ń sáré, wọ́n fún ẹṣin ní pápá tirẹ̀: Race Course, níbi tí wọ́n ti fa àsíá òmìnira sókè ní 1960, tí à ń pè ní Tafawa Balewa Square lónìí. Ẹṣin ní pápá, agbára ẹṣin 130 kò ní!

Wọ́n á ní ìjọba kò lè fi owó ìlú ṣe eré fún ọmọ olówó. Ta ló bèèrè owó? Ọ̀nà kan tí wọ́n dí pa ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan lóṣù, ọkọ̀ aláìsàn kan, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó méjì, ẹni tó mọ mẹkáníìkì kan tí yóò yẹ bíréékì àti táyà wò kí ẹnikẹ́ni tó dúró lójú ìlà. Kí àwọn tó ń sáré sì dáwó rẹ̀ fúnra wọn. Owó kátálíìsì kan ṣoṣo á ti gbé e débì kan.

Alausa kò jìnnà sí Omole. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ń jí wa lóru, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ kọ orúkọ yín sí i àti nọ́ńbà ọkọ̀ yín, kí ẹ gbé e lọ fún wọn lọ́sàn-án gangan. Ẹ mú mi mọ́ra, èmi náà á fọwọ́ sí i.