Iná Ẹ́ńjìnì Tí Kò Kú

Ní oṣù yìí, a ó fi ọ̀rọ̀ ìkòkò àti aṣọ sílẹ̀ díẹ̀, a ó sì sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ tí ẹ fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Púpọ̀ nínú yín ni ó ti rí iná kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan, tí a yà bí ẹ́ńjìnì, tí ó ṣàdédé tàn níwájú ẹni tí ń wakọ̀. Ọkọ̀ ń rìn dáradára, kò pariwo, kò sì rú èéfín, ṣùgbọ́n iná kò kú. Mẹkáníìkì ní sẹ́ńsọ̀ ti bàjẹ́. Ẹ san owó sẹ́ńsọ̀. Ní ọjọ́ kẹta iná tún tàn, a sì tún dárúkọ sẹ́ńsọ̀ mìíràn. Owó oúnjẹ oṣù kan a ti bá a lọ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí ó ń ṣe ọkọ̀ gan-an.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀, ẹ jẹ́ kí a mọ irú iná tí a ń bá wí. Èyí tí ó pupa, tí a yà bí àgé tí ń kán sílẹ̀, iná ọ́ílì ni. Bí ó bá tàn nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ẹ yà sí ẹ̀bá títì níbi tí kò léwu, kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ ó kàn dé ilé ná. Ẹ́ńjìnì tí ọ́ílì kò dé inú rẹ̀ mọ́ lè bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bákan náà ni ti iná pupa tí ó ń sọ pé ẹ́ńjìnì ti gbóná jù. Iná aláwọ̀ ìyeyè kì í sábà le tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá tàn gbọnrangandan tí ọkọ̀ kò sì ṣe ìṣekúṣe, ẹ lè rọra wakọ̀ dé ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹ wá àyè yẹ̀ ẹ́ wò láìpẹ́. Ṣùgbọ́n bí iná náà bá ń ṣẹ́jú, tí ọkọ̀ sì ń gbọ̀n, a jẹ́ pé epo tí kò jóná nínú ẹ́ńjìnì ń lọ jóná nínú catalytic converter, èyíinì ni ohun tí ń sọ èéfín di mímọ́ lábẹ́ ọkọ̀. Ohun náà a máa gbóná kọjá ààlà, a sì bàjẹ́. Ẹ dín eré kù, kí ẹ sì wá ibi dúró sí.

Ọ̀rọ̀ èéfín yìí gan-an ni ó bí iná náà. Láti orí ọkọ̀ ti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé kí ọkọ̀ tuntun kọ̀ọ̀kan ní kọ̀ǹpútà tí yóò máa ṣọ́ ẹ́ńjìnì, kí ojú ihò oníhò 16 kan sì wà nítòsí ìdí àgbá ìwakọ̀, níbi tí a ó ti máa ka ohun tí kọ̀ǹpútà rí. Níwọ̀n bí púpọ̀ nínú tọ́kùnbọ̀ wa ti wá láti ọ̀hún, ó ṣeé ṣe kí ihò yìí wà nínú tiyín náà. Ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ wà tí a lè kì bọ̀ ọ́, tí yóò sì fi kóòdù hàn lójú fóònù yín.

Sẹ́ńsọ̀ ni ojú àti imú kọ̀ǹpútà yìí. Ọ̀kan ń wọn afẹ́fẹ́ tí ń wọlé, òmíràn ń gbóòórùn ọ́síjìn nínú èéfín, òmíràn ń wọn bí omi ẹ́ńjìnì ti gbóná tó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tọ́mọ mọ̀ pé ara gbígbóná kì í ṣe orúkọ àrùn. Bí kóòdù bá jẹ́ P0171, ohun tí ó wí ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Ó lè jẹ́ rọ́bà tí ó ya tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ó lè jẹ́ pọ́ǹpù epo tí kò lágbára mọ́, ó sì lè jẹ́ pé eruku bo sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́, tí ó kàn fẹ́ fífọ̀ pẹ̀lú oògùn tirẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tí wọ́n sábà máa ń sáré pààrọ̀ lè máà jẹ̀bi rárá. Òótọ́ ni ó sọ, òun ni a wá jù nù. P0420 náà ń bẹ, tí ó ń dá catalytic converter lẹ́bi, nígbà tí páìpù èéfín tí ó lu lè fa irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀.

Àyẹ̀wò kan wà tí mo fẹ́ràn nítorí kò náni ní kọ́bọ̀. Bí kóòdù bá jẹ́ P0301, sílíńdà kìíní ni kò jó epo dáradára. Nínú ọkọ̀ tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní kọ́ìlì tirẹ̀, kí mẹkáníìkì gbé kọ́ìlì kìíní sí ipò ìkejì, kí ó sì gbé ti ìkejì sí ìkíní, kí ó pa kóòdù rẹ́, kí ó wa ọkọ̀. Bí kóòdù bá di P0302, kọ́ìlì náà ni ọ̀daràn. Bí ó bá ṣì jẹ́ P0301, kí ó lọ wo plọ́ọ̀gì àti ohun mìíràn.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìdérí táǹkì epo tí ọmọ ilé epo kò dé pa dáadáa ni gbogbo wàhálà. Ẹ dé e pa. Iná lè má kú lójú ẹsẹ̀, ó lè gba ìrìn ọjọ́ mélòó kan.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ọ̀wọ̀ bèèrè pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kóòdù wo ni ẹ rí, kí ni ẹ sì fi mọ̀ pé sẹ́ńsọ̀ ni?” Ẹ kọ kóòdù náà sílẹ̀ kí ó tó pa á rẹ́. Ẹni tí ó yọ orí bátìrì tí iná fi kú kò tíì tún ohunkóhun ṣe. Ẹ sì gba sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tọ́kùnbọ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì dáná sí ẹ́ńjìnì, kí ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tàn nígbà náà, kí ó sì kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì bá gbiná. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti yọ gílóòbù rẹ̀ kí ẹ má baà rí i. Ní oṣù tí ń bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ lórí táyà, àti bí a ti ń ka ọjọ́ orí rẹ̀ lára rẹ̀.