Wọ́n Fi Ẹ̀tẹ̀ Sílẹ̀, Wọ́n Ń Pa Lápálápá

Iléeṣẹ́ Imigiréṣọ̀n Ghana kú iṣẹ́ o. Lóṣù Kejì ọdún 2018, nǹkan bí 84,000 èèyàn du àyè 500 lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì rí àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ lé: ẹni tó bóra, àti ẹni tí ìlà yọ síkùn tàbí itan rẹ̀. Agbẹnusọ wọn ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn le, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà lára ẹni tó bóra.

Ká má purọ́, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ìpara tó ní stẹ́rọ́ìdì a máa sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, egbò kì í sì í tètè jinná. Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti rà á?

Ẹ wọ ọjà Tamale ní Ghana. Oògùn tó yẹ kí dókítà kọ sí ìwé ń bá ọṣẹ jókòó lórí àtẹ. Ọmọbìnrin kan wá oògùn lápálápá itan rẹ̀; wọ́n ta túùbù tí wọ́n po betamethasone, clotrimazole àti neomycin pọ̀ fún un. Ara yíyún rọlẹ̀, ojú ibẹ̀ sì ń dán. Ó bá fi kan ojú, ó fi kan ọrùn, ó di oṣù mẹ́fà. Nọ́ọ̀sì ì bá ti fi hàn án pé ìpara tó gùn láti orí ìka dé oríkèé àkọ́kọ́ tó ibi tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ méjì pẹ̀lú àwọn ìka wọn, kì í sì í ṣe ohun àfipajú. Kò sí nọ́ọ̀sì nídìí àtẹ. Lápálápá ń ràn lábẹ́lẹ̀, irorẹ́ bo ojú, ìlà yọ sí itan. Ìlà yẹn gan-an ni Imigiréṣọ̀n máa fi lé e tó bá lọ wáṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Wọn ò ní béèrè bóyá oyún ló fà á, bóyá ó kàn tètè sanra ni.

Láti 2016 ni FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Ghana, ti fòfin de hydroquinone, èròjà ìbóra tó jẹ́ pé bó bá pẹ́ lára, ó lè sọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ di dúdú bí ìdí ìkòkò. Síbẹ̀, ó ń gba ibodè wọlé. Imigiréṣọ̀n á ní ẹrù kì í ṣe tàwọn, èèyàn làwọn ń yẹ̀ wò. A gbọ́. Awọ èèyàn ni wọ́n kúkú mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò.

Kí FDA àti àjọ apòògùn kó àtẹ wọ̀nyí kúrò, kí nọ́ọ̀sì sì máa bi aláìsàn ní ohun tó fi ń para. Títí dìgbà náà, ọmọ tó wáṣẹ́ ni wọ́n ń yẹ̀ wò látorí dé àtàǹpàkò. Túùbù tó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀ ṣì jókòó lórí àtẹ, kò sẹ́ni tó yẹ òun wò.