Ìlú Augsburg: Níbi Tí Owó Ilé Kò Ti Gbówó Lórí Láti 1521

Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ fara balẹ̀ ka ti ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ̀yin lanlọ́ọ̀dù, ẹ má bínú, ẹ bá wọn kà á. Àdúgbò kan ń bẹ ní ìlú Augsburg, ní gúúsù Jámánì, tí owó ilé ibẹ̀ jẹ́ sẹ́ǹtì 88. Kì í ṣe fún oṣù kan o. Fún ọdún kan gbáko ni! Kò tó yúrò kan, kò sì lè ra ife kọfí kan ní ìlú náà. Láti 1521 tí wọ́n ti dá àdúgbò ọ̀hún sílẹ̀, lanlọ́ọ̀dù kò tíì fi nǹkan kan lé owó ilé. Fuggerei ni orúkọ ibẹ̀.

Ta ni irú lanlọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀? Ọmọ ahunṣọ ni.

AHUNṢỌ DI OLÓWÓ

Augsburg kì í ṣe ìlú àná. Àwọn ará Róòmù ló tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí ọdún 15 ṣáájú ìbí Jésù, orúkọ Augustus, ọba wọn, ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Lónìí, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tó nǹkan bí 300,000. Ní 1367 ni ahunṣọ kan, Hans Fugger, ti abúlé Graben wá síbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ gba òwò aṣọ náà, wọ́n sọ kékeré di ńlá. Nígbà tó fi máa kan Jakob, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí ní 1459, ìdílé náà ti ń wa bàbà àti fàdákà nínú ilẹ̀, wọ́n sì ń yá àwọn ọba lówó. Jakob Olówó ni aráyé ń pè é.

Ṣé ẹ rò pé òde òní ni fífi owó ra ìbò bẹ̀rẹ̀? Ní 1519, Charles fẹ́ joyè olú-ọba ilẹ̀ Jámánì, àwọn ìjòyè méje ló sì máa dìbò. Owó tí wọ́n ná tó nǹkan bí gulden 850,000. Jakob nìkan gbé ohun tó lé ní 540,000 kalẹ̀. Charles wọlé wẹ́rẹ́. Nígbà tí gbèsè pẹ́ nílẹ̀, Jakob kọ lẹ́tà sí i ní 1523, ó rán an létí pé láìsí owó òun, adé kì bá tí dé orí rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọba pàápàá ń jẹ gbèsè, olówó pàápàá sì ń sin owó!

ÀDÚGBÒ FÚN ALÁÌNÍ

Jakob yìí náà ló kọ́ Fuggerei. Kò kọ́ ọ fún alágbe. Oníṣẹ́ ọwọ́ àti alágbàṣe ló kọ́ ọ fún, àwọn tí kì í ṣe ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n tí àìsàn tàbí ọjọ́ burúkú gbé ṣubú. Gulden kan lọ́dún ni owó ilé nígbà náà, nǹkan bí owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan fún oníṣẹ́ ọwọ́. Òun náà ló di sẹ́ǹtì 88 lónìí, owó iná lọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n àdéhùn wà níbẹ̀. Ayálégbé gbọ́dọ̀ jẹ́ ará Augsburg, kó jẹ́ Kátólíìkì, kó jẹ́ aláìní, kó sì máa gba àdúrà mẹ́ta lójúmọ́ fún ìdílé Fugger. Ilé 67 ló wà níbẹ̀, nǹkan bí èèyàn 150 ló sì ń gbé inú wọn. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n ń ti géètì. Ẹni tó bá pẹ́ á san sẹ́ǹtì 50 fún ọlọ́dẹ. Bó bá ti kọjá ọ̀gànjọ́, ó di yúrò kan. Ìyẹn ni pé ká pẹ́ níta lálẹ́ ọjọ́ kan ju owó ilé ọdún kan lọ!

Bíríkìlà kan, Franz Mozart, gbé ibẹ̀ títí tó fi kú ní 1694. Ọmọ-ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni Wolfgang Mozart, tí gbogbo ayé ń lu orin rẹ̀ títí di òní. Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú aláìní o.

Báwo ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Jakob kò fi í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ó kọ ìwé, ó sì ya owó sọ́tọ̀. Títí dòní, igi tí wọ́n ń gé tà nínú igbó ìdílé náà ni wọ́n fi ń tún ilé ṣe, pẹ̀lú owó tí àwọn àlejò ń san lẹ́nu géètì.

Ẹ GBỌ́ TI Ẹ̀GBÀ IDẸ

Owó ní iwájú, owó ní ẹ̀yìn. Jakob kú ní 1525, Anton ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì gba òwò. Ní 1548, ilé Fugger bá ọba Pọ́túgà ṣe àdéhùn láti kó ẹ̀gbà idẹ, ìkòkò àti àwo idẹ fún un. Etíkun Áfíríkà tiwa níbí ni àwọn Potogí ń kó wọn wá. Ẹ̀gbà yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán, owó ni. Òun ni wọ́n fi ń ra ata, eyín erin, àti ènìyàn.

Àwọn alágbẹ̀dẹ Ìbíní yọ́ irú ẹ̀gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n fi dá àrà. Ní 2023, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tẹ̀ ẹ́ jáde pé idẹ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère Ìbíní bá irú ẹ̀gbà bẹ́ẹ̀ mu, àti pé àgbègbè odò Rhine ní ìwọ̀-oòrùn Jámánì ni idẹ náà ti wá.

Nítorí náà, ilé òwò tó ń dá aláìní Augsburg lọ́lá náà ló kó ẹ̀gbà tí wọ́n fi ń ra ọmọ ọlọ́mọ. Ayálégbé Fuggerei ń gba àdúrà mẹ́ta lójúmọ́ fún olówó. Àwọn tí wọ́n fi ẹ̀gbà rà ńkọ́? Ta ló ń gbàdúrà tiwọn?

ẸNI TÓ BÁ DÉ IBẸ̀

Ní February 1944, ọkọ̀ òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà da bọ́ǹbù sí Augsburg. Púpọ̀ nínú Fuggerei wó. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìdílé náà fi pinnu láti tún un kọ́, wọ́n sì tún un kọ́. Ihò abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn ayálégbé sá sí lóru ọjọ́ náà ṣì wà fún àlejò láti wò. Gbọ̀ngán ìlú tí Elias Holl kọ́ náà jóná, wọ́n tún òun náà ṣe, yàrá oníwúrà inú rẹ̀ sì ń dán yanran.

Ẹ̀yin mẹ́káníìkì àti onílọ́rì, ìlú yìí kàn yín pẹ̀lú. Níbẹ̀ ni Rudolf Diesel ti ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ láàárín 1893 sí 1897. Orúkọ rẹ̀ ni ẹ ń pè nígbà tí ẹ bá ra dísù.

Ó ku ìbéèrè kan fún ojú ìwé lẹ́tà. Àwọn olówó ìlú yín tó ti kú, kí ni wọ́n fi sílẹ̀ tí aláìní ń jẹ ní àǹfààní lónìí? Kí sì ni wọ́n tà kí owó náà tó pọ̀? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.