Ẹ Bọ́ Ọ Yó Kẹ́ Ẹ Tó Gé E

Ṣé ẹ mọ igi ọdán? Igi tó máa ń wà láàrin ọjà àti níwájú ààfin, tí àwọn àgbà máa ń jókòó sábẹ́ ẹ̀ ta ayò, òun ni mò ń wí. Ọ̀kan wà lẹ́yìnkùlé wa ní Ajégúnlẹ̀ báyìí. Kò ga ju ìbàdí mi lọ, inú àwo amọ̀ pẹrẹsẹ ló wà, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wo bí ìdí ẹ̀ ṣe nípọn, tí gbòǹgbò ẹ̀ di ilẹ̀ mú, ẹ máa ní wọ́n ti gbìn ín kí wọ́n tó bí bàbá mi. Irọ́ ni o! Ọdún 2016 ni mo fọwọ́ ara mi yọ ọ́ lára ògiri ní Àpápá.

Ẹ ò ní gbàgbé bí Àpápá ṣe rí nígbà yẹn. Tírélà àti táńkà tò láti orí bíríìjì dé ẹnu wọ́ọ̀fù, ẹni tó wọ dánfó máa tún fẹsẹ̀ rìn ni. Èmi náà bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ní Warehouse Road, mò ń rìn lọ, ni mo bá rí ọdán kékeré kan tó ń yọrí láàrin búlọ́ọ̀kù ògiri ilé ìkẹ́rù kan. Ẹyẹ ló máa ń jẹ èso ẹ̀, tó máa ṣu hóró ẹ̀ sórí ògiri, ibẹ̀ náà ló sì máa ti hù. Ọlọ́dẹ tó wà níbẹ̀ ní, "Ẹ máa mú un lọ jàre, ó fẹ́ fọ́ ògiri mọ́ wa lórí."

Mo ti gbọ́ nípa bonsai nígbà tí mo wà ní Póli, igi àgbà tí wọ́n ń tọ́jú sínú ìkòkò. Àwọn ará Ṣáínà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àwọn ará Jàpáànù kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn. Igi páìnì kan wà tí wọ́n ti ń tọ́jú bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1625, ìdílé Yamaki ló ni ín nílùú Hiroshima. Nígbà tí Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí ìlú náà lọ́dún 1945, bíi máìlì méjì ni ilé wọn sí ibi tó bọ́ sí, igi náà ò kú. Lọ́dún 1976, wọ́n mú un, wọ́n fi ta Amẹ́ríkà yìí kan náà lọ́rẹ! Washington ló wà dòní.

Èmi rò pé ebi ni wọ́n fi ń há irú igi bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo bu yèpẹ̀ díẹ̀ sínú ike áísìkiriìmù, mo gbin ọdán mi sí i, mo sì ń ṣahun omi fún un. Ọdún méjì gbáko, kò kú, kò dàgbà, ìdí ẹ̀ ò ju bírò lọ. Bàbá olódòdó kan lẹ́bàá títì ní Àpápá ló là mí lójú. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé igi tó kéré lo fẹ́ ni, àbí igi àgbà tó gba inú ìkòkò? Tó bá jẹ́ igi àgbà, jẹ́ kó jẹun ná."

Ohun tí mo wá ṣe rèé, ẹni tó bá fẹ́ gbìn tiẹ̀ lè gé ojú ìwé yìí pamọ́. Mo la àgbá oníke sí méjì, mo lu ihò sídìí ẹ̀. Mo po yèpẹ̀, iyanrìn olókùúta wẹ́wẹ́ àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà. Mo fi táìsì kan sábẹ́ igi kí gbòǹgbò má baà lọ sísàlẹ̀ tààrà, kó lè fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gbé e sínú oòrùn, mò ń bomi rin ín, mi ò gé ewé kan. Ewé òkè ló ń bọ́ ìdí, bí ẹ̀ka bá ṣe ń gùn ni ìdí ń sanra. Lọ́dún kẹta, igi ti ga ju fẹ́ǹsì lọ, ìdí ẹ̀ ti tó ọrùn ọwọ́ mi.

Nígbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa, mo mú ayùn, mo gé e ku ẹsẹ̀ bàtà kan. Ìyá onílé figbe ta pé orí mi ti dàrú! Oje funfun ń dà, ẹ má jẹ́ kó kàn yín lójú o. Ṣùgbọ́n ọdán kì í kú bọ̀rọ̀, àwọn bàbá wa kúkú máa ń gé ẹ̀ka ẹ̀ rì mọ́lẹ̀ bí òpó, tó máa hù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀mùnú ti yọ káàkiri. Mo mú ọ̀kan tó dúró ṣánṣán láti di orí tuntun, mo fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀ka, mo ré ìyókù. Nígbà tí orí tuntun ga, mo tún gé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀, tí ìdí fi tóbi, tí òkè sì ń tín-ín-rín lọ.

Wáyà ló kàn. Mo bẹ àwọn rìwáyà tó ń ṣe iná mọ́tò fún àlòkù, mo fi we ẹ̀ka, mo rọra tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí ọdán yára sanra, tí wáyà bá ti jẹ ẹ́ lára, àpá ẹ̀ kì í tètè lọ. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni mo tó dín gbòǹgbò kù, tí mo gbé e sínú àwo amọ̀. Ìkòkò ló kẹ́yìn, òun kọ́ ló ṣáájú.

Kí ló dé tí mo ń ro gbogbo ẹjọ́ yìí? Mẹ́káníìkì kan wà ládùúgbò wa, ó ní ọmọ iṣẹ́ kan, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ọ̀gá yìí gbà pé ọmọ tó bá yó kì í gbọ́ràn, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ lọmọ yẹn ń jẹun. Lóṣù tó kọjá, ó sá lọ. Ọjọ́ kẹrin la tó rí i lọ́jà Boundary, tó ń bá àwọn èèyàn ru ẹrù. Wọ́n ní kó padà sọ́dọ̀ ọ̀gá ẹ̀, ó ní kí wọ́n kúkú pa òun.

Ọ̀gá yìí wá bá mi lẹ́yìnkùlé, ó ń wo igi mi. Ó ní, "Akọ̀ròyìn, ìwọ náà ń gé e, o tún ń fi wáyà dè é. Kí ló wá dé tí tèmi fi burú?"

Mo ní, "Ọ̀gá mi, ọdún mẹ́ta ni mo fi bọ́ ọ kí n tó mú ayùn. Ayùn lẹ̀yin fi bẹ̀rẹ̀." Kò dá mi lóhùn.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìrókò inú igbó ti rí jẹ, ó ti rí mu kí ẹnikẹ́ni tó yọ àdá sí i. Ààyè ò tó wa ní Ajégúnlẹ̀, èèyàn márùn-ún nínú yàrá kan, ìyẹn nìkan ò ní kí ọmọ má dàgbà, àdúgbò yìí náà ni Odion Ighalo ti gbá bọ́ọ̀lù kó tó di ẹni tí ayé mọ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ̀yin òbí, ẹ bá ọmọ wí, ẹ tọ́ ọ sọ́nà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jẹun ná.

Ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ lọmọ yẹn wà báyìí. Ọ̀gá ẹ̀ ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé ìrẹsì dání lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ náà ò tíì jáde sí i.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.