Olùkọ́ Èdè àti Ìtàn Ìran Àjẹsára

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ èdè abínibí ló gbà pé ẹ̀kọ́ nípa àjẹsára, ìyẹn agbára tí ara fi ń gbógun ti àrùn, kò kan àwọn; olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ló ni ín. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ọgbọ́n tí a fi ń tọpa ìran èdè ni a fi ń tọpa ìran àjẹsára. August Schleicher, onímọ̀ èdè ará Jámánì, ti ya igi ìran èdè ní 1853, ọdún mẹ́fà kí Darwin tó tẹ ìwé rẹ̀ lórí orírun àwọn ẹ̀dá jáde.

Ohun àkọ́kọ́ tí ọgbọ́n yìí ń kọ́ni ni pé ìjọra kì í ṣe ìbátan. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Yorùbá, Ìgalà àti Ìṣẹkírì jọ ń pe omi ní omi. Ogún ni èyí. Yorùbá ní àlùbọ́sà, Haúsá ní albasa. Ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni èyí ti wá. Ẹni tó bá torí àlùbọ́sà sọ pé ọmọ ìyá ni Yorùbá àti Haúsá ti ṣìnà.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àjẹsára rí. Àwọn onímọ̀ a to lẹ́tà jíìnì oríṣiríṣi ẹ̀dá sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn a fi ìjọra àti ìyàtọ̀ wọn ya igi ìran, wọn a sì wo ẹ̀ka tí àbùdá kọ̀ọ̀kan ti yọ. Báyìí ni a ṣe mọ̀ pé èròjà tí ara ènìyàn fi ń dá kòkòrò àrùn mọ̀ àti ti ẹja àkurákudà ti orísun kan náà wá. Ti ẹja lamprey, tí kò ní párì ẹ̀rẹ̀kẹ́, yàtọ̀. Ìran rẹ̀ ti yà kúrò lára ìran ènìyàn láti nǹkan bí 500 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Òun náà ń dá àrùn mọ̀, ó sì ń rántí èyí tó ti bá jà rí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe iṣẹ́ náà jọ ti ènìyàn; ogún ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìwádìí tó jáde ní 2004 fi hàn pé èròjà tí wọ́n fi ń dá àrùn mọ̀ kò bá ti ènìyàn tan. Iṣẹ́ kan náà ni, ọ̀tọ̀ ni orísun.

Ẹ̀kọ́ yìí ṣe pàtàkì lásìkò yìí. Ní 2022, Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, wọ́n fagi lé e. Àwọn kan ti ń wí pé èdè wa kò lè gbé sáyẹ́ǹsì. Iṣẹ́ tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà, ti já irọ́ yẹn.

Ìran, ẹ̀ka, ogún, àyálò: àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀kọ́ yìí nílò ti wà lẹ́nu olùkọ́ èdè. Bí kò bá lò wọ́n, òun gan-an ló ń jẹ́rìí lòdì sí èdè tó ń kọ́.